Ẹ má tíì da iyọ̀ kún un mọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Èmi ni mò ń bójú tó ilé ìgbàlejò kékeré kan tí dádì wa kọ́ sí Àkóbọ̀, n'Ìbàdàn. Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ wa gùn ní mítà 10, ó fẹ̀ ní mítà 5, ẹ̀rọ tó ń fi iyọ̀ ṣe kílórínì la sì ń lò sí i. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ 3 tí iná «Low Salt» ti ń tàn lára ẹ̀rọ náà. Ẹni tó ń bá wa fọ adágún ní ká da iyọ̀ sí i. A da àpò 6, oníkílò 25, iná ò kú. Omi ti ń dà bí ewédú báyìí. Rẹ́wáyà wá wò ó, ó ní ẹ̀rọ ti kú, ká ra òmíràn. Owó rẹ̀ ò sí nílẹ̀. Kí la lè ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnáwó o, ẹ sì kú ìpamọ́ra. Bí àpò iyọ̀ kankan bá ṣì kù nílẹ̀, ẹ gbé e síbi tí ọwọ́ ẹni tó ń bá yín fọ adágún kò ti ní tó o.

Ẹ̀rọ yẹn kò ní ahọ́n, kò tọ́ iyọ̀ wò rí. Nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ìyẹn ike ojú páìpù tí omi adágún ń gba inú rẹ̀ kọjá, àwọn irin pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí ojú ìwé, iná sì ń gba inú omi kọjá láti ara ọ̀kan bọ́ sára èkejì. Iye iná tó kọjá yẹn nìkan ni ẹ̀rọ mọ̀. Bí iyọ̀ inú omi bá tó, iná á kọjá wẹ́rẹ́. Bí iyọ̀ bá kéré, iná á dínkù, ẹ̀rọ á sì pariwo «Low Salt». Ṣùgbọ́n bí ẹfun bá bo àwọn irin náà, iná á dínkù. Bí irin náà bá ti gbó, iná á dínkù. Bí ẹnu wáyà bá ti jó, bí iná ilé kò bá lágbára, bákan náà ni. Orúkọ kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ mọ̀ fún gbogbo wọn, orúkọ náà sì ni iyọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tí ẹ ti dà sí i. Bí jíjìn adágún yín bá jẹ́ mítà 1.5 ní ìpíndọ́gba, lítà 75,000 ni omi inú rẹ̀. Láti gbé iyọ̀ omi tó tó bẹ́ẹ̀ sókè ní 1,000 ppm, ìyẹn gíráàmù 1 nínú lítà 1, kílò 75 lẹ nílò. Àpò 6 yín jẹ́ kílò 150, nítorí náà ẹ ti fi 2,000 kún un. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń fẹ́ nǹkan bíi 2,700 sí 3,400. Bí ẹ bá wà ní 3,000 tẹ́lẹ̀, ẹ ti dé 5,000 báyìí. Kò tíì dé ibi omi òkun, tí tirẹ̀ ń lọ sí 35,000, àwọn àlejò yín lè má tilẹ̀ mọ̀. Àkàbà irin inú adágún ló máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dípata.

Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu ni bí àwọn èèyàn ṣe gbà pé iyọ̀ ń tán nínú omi bí epo ṣe ń tán nínú jẹnẹrétọ̀. Kílórínì tó bá ti pa kòkòrò tán, iyọ̀ ló tún ń padà dà. Oòrùn ń fa omi lọ, kì í fa iyọ̀. Ọ̀nà tí iyọ̀ ń gbà jáde kò ju kí omi fúnra rẹ̀ jáde: òjò tó kún un títí ó fi ń ṣàn sílẹ̀, omi tí ẹ fi ń fọ asẹ́, tàbí adágún tó ń jò. Torí náà, ẹni tó bá ní iyọ̀ ti lọ, kó sọ ibi tó gbà lọ.

Ẹ wá ìgò omi tó ti ṣófo, ẹ fi omi adágún ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ ti apá bọnú omi dé ìgúnpá, níbi tó jìnnà sí ẹnu páìpù tó ń dá omi padà, kí ẹ bu omi níbẹ̀. Ẹ má bu omi ojú òkè, àgàgà lẹ́yìn òjò, nítorí omi òjò fúyẹ́ ju omi iyọ̀ lọ, ó lè ṣì wà lókè. Bébà àyẹ̀wò iyọ̀ wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ohun èlò adágún, mítà kékeré tí wọ́n ń kì bọ omi náà wà. Èyí tí ẹ bá rí, kó ṣáà má jẹ́ nọ́ḿbà tí ẹ̀rọ yín ń gbé jáde lẹ máa lò, torí òun gan-an la fẹ̀sùn kàn.

Bí ó bá ka 2,000, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó ń bá yín fọ adágún, ẹ sì wá ibi tí omi ti ń jò. Ṣùgbọ́n bó bá ka 3,000 sókè, ọ̀rọ̀ kúrò lọ́rọ̀ iyọ̀, ẹ jẹ́ ká lọ sídìí ẹ̀rọ.

Ẹ pa bírékà rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Bí ilé ìgbàlejò yín bá ní ínfátà, ẹ rí i dájú pé ìhà ti ínfátà náà ti kú, torí bírékà kan lè kú kí ìkejì ṣì máa gbé iná wá. Mo fẹ́ dúró díẹ̀ síbí, nítorí nílùú tiwa níbí, ibi tí ewu wà gan-an nìyí.

Sẹ́ẹ̀lì kì í ṣe kílórínì nìkan, ó ń ṣe háídírójìn pẹ̀lú, afẹ́fẹ́ tó ń gbaná. Bí pọ́ǹpù bá ń ti omi, omi á gbá a lọ, kò sí wàhálà. Bí omi bá dúró tí sẹ́ẹ̀lì ò dúró, afẹ́fẹ́ náà á kóra jọ sínú ike, ó sì lè bú gbàmù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe súìsì kékeré kan sójú páìpù tó ń mọ̀ bóyá omi ń lọ. Tí kò bá rí omi, á tan «No Flow», á sì dá sẹ́ẹ̀lì dúró. Wàyí o, n'Ìbàdàn, ó wọ́pọ̀ kí féèsì kan lọ kí méjì kù, kí pọ́ǹpù dúró kí àpótí ẹ̀rọ, èyí tó ń fún sẹ́ẹ̀lì ní iná, tó wà lórí ínfátà máa tàn lọ. Súìsì yẹn nìkan ló kù láàárín yín àti ìbúgbàmù. Ẹ wá wo ohun tí àwọn kan ń ṣe: iná «No Flow» ń yọ wọ́n lẹ́nu, wọ́n fi wáyà kékeré kan so ẹnu súìsì náà pọ̀, wọ́n ní àwọn ti dáírẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Mo ti bá irú wáyà bẹ́ẹ̀ nínú àpótí kan ní Jẹ́ríkò, wọ́n fi téèpù dúdú dì í dáadáa, ó mọ́ tónítóní, bí iṣẹ́ ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe. Ike sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ ti wú ní ẹ̀gbẹ́ kan. Kí ẹ wò ó bóyá wáyà bẹ́ẹ̀ wà nínú tiyín. Tó bá wà, ẹ yọ ọ́ lónìí, kí rẹ́wáyà sì so àpótí ẹ̀rọ mọ́ iná pọ́ǹpù, kó jẹ́ pé bí pọ́ǹpù bá kú, gbogbo ẹ̀ kú.

Tó bá jẹ́ pé «No Flow» gan-an ló ń tàn nígbà tí pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́, ewé máńgòrò inú agbọ̀n pọ́ǹpù ni kí ẹ kọ́kọ́ kó, kí ẹ sì fọ asẹ́. Nígbà ọyẹ́, eruku máa ń tètè dí asẹ́ oníyanrìn.

Ní ti sẹ́ẹ̀lì, ẹ tú u sílẹ̀, ẹ gbé e kọjú sí ìmọ́lẹ̀, ẹ wo inú rẹ̀ bí ẹni ń wo inú páìpù. Bí ẹ bá rí ohun funfun tó le gbagidi láàárín àwọn irin náà, bí èyí tó máa ń wà nídìí kẹ́tù tí wọ́n ti fi se omi kànga fún ọdún púpọ̀, ayọ̀ ni kí ẹ yọ̀, torí ìyẹn ṣeé fọ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ fi awò dáàbò bo ojú, kí ẹ sì dúró sí ìta gbangba. Ẹ bu omi ìwọ̀n 5 sínú ike, kí ẹ rọra da ásíìdì ìwọ̀n 1 sí i, hydrochloric acid tí wọ́n tún ń pè ní muriatic ni o, kì í ṣe ti bátìrì. Omi ló ń ṣáájú ásíìdì, ẹ má yí i padà láé, ẹ má sì lo ike tí ẹ ti fi po kílórínì oníyẹ̀ẹ̀fun, torí èéfín tí àwọn méjèèjì ń ṣe pọ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ bo ẹnu sẹ́ẹ̀lì kan, ẹ dà á kún inú. Á hó yaya. Ìṣẹ́jú 10 sí 15 ti tó, tí híhó rẹ̀ bá ti dá, ẹ dà á nù, kí ẹ fi omi ṣàn án. Ẹ má fi ọ̀bẹ ha á, ẹ má fi skúrúdíráfà tọ́ ọ. Irin titanium ni wọ́n, wọ́n fi ruthenium tàbí iridium pa wọ́n lára bí ẹní kun ọ̀dà, ọ̀dà yẹn gan-an ló ń ṣiṣẹ́. Ibi tí ẹ bá ti ha á, ibẹ̀ ti kú nìyẹn. Ásíìdì náà ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, torí náà bí ẹfun ò bá sí níbẹ̀, ẹ má fọ̀ ọ́. Àwọn kan wà tí wọ́n ń fọ tiwọn lóṣooṣù bí ẹni ń fọ mọ́tò, wọ́n á wá máa ṣe kàyééfì pé kò lo ọdún 2.

Bí ó bá mọ́ tónítóní tí ìṣòro sì wà síbẹ̀, mítà rẹ́wáyà la nílò. Ẹ tan gbogbo rẹ̀ padà, kí pọ́ǹpù máa ṣiṣẹ́, kí ẹ wo fóltì àti ámpù tí àpótí ń gbé lọ sí sẹ́ẹ̀lì. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló ń fi í hàn fúnra wọn tí ẹ bá ń tẹ bọ́tìnnì. Kì í ṣe fóltì 220 lẹ máa rí o, ó kéré gan-an sí ìyẹn, ìwé ẹ̀rọ yín ló máa sọ iye tó yẹ kó jẹ́. Fóltì bá pé, iyọ̀ bá pé, sẹ́ẹ̀lì bá mọ́, tí ámpù sì kéré, sẹ́ẹ̀lì ti gbó nìyẹn. Fóltì bá wà tí ámpù jẹ́ òdo pátápátá, ẹ wo ẹnu wáyà tó wọ sẹ́ẹ̀lì, ó lè ti jó di dúdú tàbí kó ti yọ ìpata aláwọ̀ ewé. Fóltì gan-an bá jẹ́ òdo, àpótí ni kẹ́ ẹ tú.

Nǹkan kan wà tí rẹ́wáyà yín lè má mọ̀. Ẹ̀rọ wọ̀nyí ń yí ojú iná padà láti ìgbà dé ìgbà, ìyẹn ni pé irin tó jẹ́ pósítíìfù á di nẹ́gétíìfù, kí ẹfun má bàa lẹ̀ mọ́ irin. Ẹ ka ámpù, ẹ yí ojú iná padà, kí ẹ tún un kà. Tí ó bá dára ní ojú kan tó sì burú ní ojú kejì, ọ̀dà ẹ̀gbẹ́ kan ló ti tán, èkejì sì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ ṣì lè máa lò ó fún ìgbà díẹ̀ kẹ́ ẹ fi tu owó jọ.

Sẹ́ẹ̀lì kì í ṣe ohun tí èèyàn ń rà lẹ́ẹ̀kan láyé. Bíi táyà ni. Ọdún 3 sí 7 ni ọ̀pọ̀ ń lò, gẹ́gẹ́ bí wákàtí tó fi ń ṣiṣẹ́ lójúmọ́ ṣe pọ̀ tó. Tiyín bá ti pé ọdún 5, mo fura sí i ju ohunkóhun mìíràn lọ. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì kọ́ ni gbogbo ẹ̀rọ. Ẹni tó ní ẹ ra ẹ̀rọ tuntun nígbà tó jẹ́ sẹ́ẹ̀lì ló gbó dà bí ẹni tó ní ẹ ra ọkọ̀ tuntun torí táyà.

Inú àpótí ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ wo fíúsì. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo bọ́ọ̀dù bóyá ibì kan ti dúdú tàbí ó ń rùn bí ike tó jó. Kẹ́ ẹ sì wá ọmọ-onílé, mi ò sọ ọmọ onílẹ̀ o, àwọn yẹn kò wọ àpótí. Ọmọ-onílé máa ń wá ibi tó lọ́ọ́rùn sùn sí, á gorí bọ́ọ̀dù, á fi ẹsẹ̀ kan ibì kan, fi ìrù kan ibòmíràn, òun àti bọ́ọ̀dù á jọ kú. Èèrà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti yọ ọ̀kan tó ti gbẹ bí pàǹlá lẹ́yìn fíúsì, a fi fíúsì tuntun sí i, ẹ̀rọ jí. Ìgbà tí a tún ihò tí wáyà gbà wọlé dí ni wàhálà tó dópin.

Bí ẹ̀rọ yín bá jẹ́ tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó gbé e kọ́ bóyá ó yí ìsopọ̀ inú rẹ̀ kúrò ní 120 sí 240. Òmíràn ní ibi tí wọ́n ti ń yí i, òmíràn kò ní rárá. Èyí tí wọ́n bá fi sórí 120 tí wọ́n sì fún ní iná tiwa kì í dá «Low Salt», èéfín ló ń rú. Tiyín kò rú èéfín, ẹ dúpẹ́.

Iná ilé ńkọ́? Tí ẹ̀rọ yín bá jẹ́ olótíránsífọ́mà, tí iná àdúgbò bá wálẹ̀ sí 160, ohun tó ń lọ sí sẹ́ẹ̀lì náà á wálẹ̀. Ẹ ṣọ́ ọ ní aago 8 alẹ́ tí gbogbo ilé ń lo iná, kí ẹ tún ṣọ́ ọ ní aago 2 òru tí ọ̀pọ̀ ti sùn. Tí «Low Salt» bá ń tàn lálẹ́ tó sì ń kú lóru, sìtẹbiláísà lẹ nílò, kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì. Iná «Cold Water» ńkọ́, èyí tó ń dá sẹ́ẹ̀lì dúró tí omi bá tutù jù? Lọ́pọ̀ ẹ̀rọ, ó di ìgbà tí omi bá wálẹ̀ sí nǹkan bíi 10 sí 15°C kó tó tàn. Omi adágún Ìbàdàn kì í tutù tó bẹ́ẹ̀ lásán, àní nígbà ọyẹ́. Bó bá tàn, ohun tó ń wọn ìtutù ló bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé orí ewédú tó wà nínú adágún yín. Kódà ká ní ẹ̀rọ yín jí lọ́la, kò lè dá sọ omi náà di mímọ́. Ẹ wò ó: ẹ̀rọ tó ń ṣe gíráàmù 20 ní wákàtí kan, tó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí 8, gíráàmù 160 ló ṣe, ìyẹn bíi 2 ppm nínú omi yín. Tí iná bá wà fún wákàtí 4 péré, 1 ppm ni. Ohun aláwọ̀ ewé tó ń hù nínú omi á jẹ ẹ́ tán kí ilẹ̀ tó mọ́. Kílórínì oníyẹ̀ẹ̀fun tàbí olómi ni kí ẹ fi pa á, ní ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú pọ́ǹpù lẹ́nu iṣẹ́, kẹ́ ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ara ògiri. Ẹ wo pH, ìyẹn nọ́ḿbà tó ń sọ bí omi ṣe kan tó, kó tó di pé ẹ bẹ̀rẹ̀, torí bó bá ti kọjá 7.8, ọ̀pọ̀ agbára kílórínì ti lọ. Ẹ̀rọ oníyọ̀ máa ń gbé pH sókè, òun ló sì ń fa ẹfun inú sẹ́ẹ̀lì. Bí ohun àyẹ̀wò olómi pupa yín bá sọ pé kò sí kílórínì rárá lẹ́yìn tí ẹ ti da púpọ̀ sí i, ẹ bu díẹ̀ nínú omi adágún, ẹ fi omi tí kò ní kílórínì là á kí ẹ tún un wò. Kílórínì tó pọ̀ jù lè fọ àwọ̀ pupa náà dànù, kó dà bí ẹni pé kò sí.

Ẹ tún béèrè iye cyanuric acid tó wà nínú omi. Òun ni agbòòrùn kílórínì. Láìsí i, oòrùn ọ̀sán tiwa máa pa ọ̀pọ̀ jù lọ kílórínì láàárín wákàtí mélòó kan, gbogbo ohun tí ẹ̀rọ ṣe láàárọ̀ á ti lọ kó tó di ìrọ̀lẹ́. Fún adágún oníyọ̀, 60 sí 80 ppm ni wọ́n sábà máa ń fẹ́. Stabilizer ni àwọn olóògùn adágún ń pè é, ẹ ṣọ́ra tí ẹ bá ń rán ọmọ lọ rà á. Mo rán ọmọ iṣẹ́ kan sí Dùgbẹ̀ rí, ó gbé sìtẹbiláísà iná wá, ó tún ní òun ná an dáadáa.

Ní ti iyọ̀ tó ti pọ̀ jù, kò sí oògùn rẹ̀ ju kí omi jáde kí omi tuntun wọlé. Láti 5,000 sí 3,200, bíi lítà 27,000 ló máa jáde, ìyẹn nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 54 nínú jíjìn rẹ̀. Tánkà oní-lítà 10,000 mẹ́ta kò ní jìnnà sí i. Ẹ má gbẹ ẹ́ tán lẹ́ẹ̀kan, àgàgà nígbà òjò, torí omi abẹ́ ilẹ̀ lè ti ìsàlẹ̀ adágún sókè kó fọ́ ọ. Ẹ máa fà á díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kí òjò bá yín dá díẹ̀ padà. Ẹ má sì dà á síbi tí igi tàbí ẹ̀fọ́ wà, iyọ̀ á pa wọ́n. Bí ìgbà tí ẹ máa nílò iyọ̀ bá tún dé, iyọ̀ tí kò ní áyódíìnì, tí kò sì ní oògùn tí kì í jẹ́ kó dì, ni kí ẹ rà. Ti ọbẹ̀ kò pa èèyàn nínú adágún, ṣùgbọ́n ó lè fi àbààwọ́n sí ara ògiri.

Nọ́ḿbà 3 ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi: iyọ̀ tí bébà kà, fóltì, àti ámpù ní ojú méjèèjì. Kẹ́ ẹ fi ọdún tí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà kọ́ kún un. Títí dìgbà yẹn, ẹ sọ fún rẹ́wáyà pé kó má tíì tú àpótí kúrò lára ògiri.